Tíṣà, Ọmọ Ilé Ìwé àti Àlàáfíà Ọkàn: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Jù ní Èkó

Àwọn òbí, àwọn tíṣà àti àwọn ọmọ fúnra wọn ló máa ń bi wá ní àwọn ìbéèrè yìí níbi ìpàdé òbí àti olùkọ́, láti Ṣómólú dé Yábàá, láti Muṣin dé Ìsàlẹ̀ Èkó. A dáhùn wọn níbí bí a ṣe máa ń dáhùn wọn lójúkojú. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti pọ̀, a jókòó tì í. Ibi tí kò bá ti pọ̀, a sọ ọ́ ní ṣókí.

Ṣé iṣẹ́ tíṣà ni ọ̀rọ̀ ọkàn ọmọ? Ṣebí ìwé la ní kí wọ́n kọ́ wọn?

Ìwé náà ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọjọ́ ọmọ Èkó ṣe ń lọ. Ọmọ tó ń gbé Ìkòròdú, tó ń lọ sí ilé ìwé ní Yábàá, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ti jí. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti wọ ọkọ̀. Ó wà ní ilé ìwé títí di ọ̀sán, ó tún dúró fún lẹ́sọ́ọ̀nù títí aago márùn-ún fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ìyá rẹ̀ wà ní ọjà Balógun, bàbá rẹ̀ wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge. Nígbà tí gbogbo wọn bá fi máa pàdé nílé, oorun ti ń kun ọmọ. Ta ló wá rí i lójú mọmọ? Tíṣà ni.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé bí a bá kó ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 19 jọ, ọ̀kan nínú wọn ń bá àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn fínra. Wọ́n tún sọ pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọdún 14, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í sì í hàn sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún 14, ọmọ JSS3 tàbí SS1 nìyẹn. Iwájú bọ́ọ̀dù ló jókòó sí lọ́jọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀.

A ò ní kí tíṣà di dókítà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àgbàlagbà kan, ó kéré tán, nínú ọgbà ilé ìwé tó mọ̀ ọ́n dáadáa, tí ẹ̀rù rẹ̀ kò sì bà á.

Ṣé ìwádìí kan wà tó fi èyí hàn, àbí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni?

Ó wà. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, Emmy Werner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀lé ọmọ 698 tí wọ́n bí lọ́dún 1955, wọ́n sì ń bẹ̀ wọ́n wò títí àwọn ọmọ náà fi tó ọmọ ogójì ọdún. Àwọn kan nínú wọn dàgbà nínú ìṣẹ́, nínú ìjà bàbá àti ìyá, nínú ilé ọ̀mùtí. Ènìyàn lè rò pé kò sí èyí tó máa yè bọ́ nínú wọn. Síbẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́ta irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ dàgbà di ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́jú ilé. Nígbà tí wọ́n wádìí ohun tó gbé wọn ró, àgbàlagbà kan tó dúró tì wọ́n yàtọ̀ sí òbí wà lára rẹ̀, tíṣà sì wà lára irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1997, wọ́n gbé ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ọmọ ilé ìwé girama tí iye wọn lé ní 12,000. Àwọn tó gbà pé ilé ìwé ka àwọn kún, pé àwọn tíṣà ń ṣe dáadáa sí àwọn, ìdààmú ọkàn wọn kéré, èrò àtipa ara ẹni kéré láàárín wọn, ìwà ipá náà kéré. Lọ́dún 2001, Bridget Hamre àti Robert Pianta fi hàn pé bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi àti tíṣà rẹ̀ bá ń fìjà pẹẹ́ta, ipa rẹ̀ ṣì lè hàn nínú ìwé àti ìwà ọmọ náà títí dé ọdún kẹjọ tó lò nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra bí a ṣe ń ka irú nǹkan báyìí. Kò sẹ́ni tó sọ pé tíṣà rere ń wo àìsàn sàn. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá gágá náà a tètè mọwọ́ tíṣà, nítorí náà a ò lè fi gbogbo ìyàtọ̀ náà sọ́rùn tíṣà nìkan. Ohun tí mo gbà gbọ́ gidi nínú rẹ̀ ni pé ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ibi tó jìnnà síra, ní ìgbà tó yàtọ̀ síra, ń tọ́ka sí ibì kan náà.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmọ gan-an nígbà tí òun àti tíṣà bá rẹ́, tàbí tí wọn ò bá rẹ́?

Nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọmọ, àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, ara rẹ̀ á múra sílẹ̀ láti sá tàbí láti jà. Omi ara kan tí wọ́n ń pè ní cortisol á gòkè. Ọpọlọ á gbájú mọ́ ewu tó wà níwájú rẹ̀, ìyẹn tíṣà tó mú pàṣán dání, ohun tó wà lójú bọ́ọ̀dù ò sì ní wọlé. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan, kò burú, ara á padà bọ̀ sípò. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé bó ṣe rí ní gbogbo tááàmù nìyẹn, oorun á dàrú, oúnjẹ ò ní wù ú jẹ, àárọ̀ ọjọ́ Ajé á di ọjọ́ inú rírun. Ọ̀pọ̀ ìyá mọ inú rírun ọjọ́ Ajé yẹn dáadáa. Wọ́n á bu oògùn ìbà fún un, àìsàn náà á sì lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì láìlo oògùn kankan.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Tí ọmọ bá mọ̀ pé ẹni kan wà nínú ọgbà yẹn tó fẹ́ kó wá, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ó lè nawọ́ sókè kó sọ pé "Kò yé mi, mà." Ọmọ tó lè sọ gbólóhùn yẹn níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní nǹkan kan tó pọ̀ ju máàkì lọ.

Mo mọ tíṣà Yorùbá kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó tó jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kìíní tááàmù, ó máa ń béèrè oríkì lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá mọ tirẹ̀, ó ní kó lọ bi ìyá àgbà. Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Yorùbá, ó ní kó mú orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹ nílé wá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn nínú rẹ́jísítà pẹ̀lú pẹ́ńsù. Bó bá ń pe rẹ́jísítà láàárọ̀, á dé orí ọmọkùnrin kan tó máa ń dákẹ́, á pè é ní Àkànní. Ọmọ yẹn, tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, á gbé orí sókè. Ẹ ò rí i pé kò náwó, kò sì gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí wọ́n ti kì nínú ilé rí mọ ohun tí oríkì ń ṣe sí àyà ènìyàn.

Ṣé ẹ wá ń sọ pé kí tíṣà má bá ọmọ wí mọ́?

Rárá o. Ọmọ tí wọn ò bá wí kò balẹ̀, nítorí kò mọ ibi tí ògiri wà. Àwọn àgbà wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à á fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ohun tí mo ń rí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni pé ọwọ́ òsì ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lórí àsẹ́ńbílì, ọwọ́ ọ̀tún ò jáde rí. Tíṣà mọ gbogbo ẹni tó pẹ́ dé, gbogbo ẹni tí sọ́ọ̀kì rẹ̀ ò funfun. Bi í léèrè ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú nínú kíláàsì rẹ̀, kò mọ̀.

Ohun tó ń dá egbò sí ọmọ lọ́kàn jù, ìtìjú ni. Kí wọ́n pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì. Kí wọ́n ní "Wo ẹ̀gbọ́n ẹ, ó gba A mẹ́jọ, ìwọ ńkọ́?" Kí wọ́n ka èsì ìdánwò láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé ìsàlẹ̀, kí ẹni ìkẹyìn dìde dúró. Ọmọ ọdún 13 tí ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ gbogbo ayé fún un, ẹ ti fi ayé hàn án pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ojú ẹgba lè jinná lọ́jọ́ kejì, àmọ́ orúkọ tí wọ́n bá sọ ọmọ ní kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi pè é lọ.

Èyí tó dùn mí jù ni ti owó ilé ìwé. Wọ́n á tò wọ́n síta lórí ìlà, wọ́n á ní kí àwọn tí kò tíì sanwó máa lọ sílé. Ọmọ ò ní àpò owó. Kò sí ohun tó lè ṣe sí gbèsè yẹn ju kó sunkún tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ìyá rẹ̀. Bàbá tàbí ìyá ni kí ẹ pè lórí fóònù. Kí ọmọ wọ kíláàsì.

Tó bá pọn dandan láti bá ọmọ wí, ẹ pè é sẹ́yìn. Ẹ dárúkọ ohun tó ṣe, ẹ má dárúkọ irú ẹni tó jẹ́. "O jí ìwé gbé lána" yàtọ̀ sí "olè ni ẹ́." Lẹ́yìn ìyà, kó tó di pé wọ́n jáde ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ rán an níṣẹ́ kékeré kan, ẹ ní kó bá yín gbé ìwé lọ sí yàrá àwọn tíṣà. Yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Báwo ni tíṣà ṣe lè mọ̀ pé ọkàn ọmọ ò lélẹ̀?

Ẹ wo ìyípadà. Ọmọ tó ń dákẹ́ láti JSS1, tó ṣì ń dákẹ́ ní SS2, bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Èyí tó ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ìyẹn ni kí ẹ dúró lé lórí. Bákan náà ni ọmọ jẹ́jẹ́ tó ṣàdédé ń bínú, tó ń ja ìjà tí kò nídìí. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lára ọ̀dọ́ kì í fi gbogbo ìgbà jọ ẹkún. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìbínú ló ń jọ, àwa náà á sì máa fi ìyà lé ìyà lórí ẹni tí ara ń ni.

Ìwé ajákọ máa ń sọ̀rọ̀ ju ẹnu lọ. Ẹ gba ìwé ọmọ náà, ẹ ṣí i láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní, ó ń fi rúlà fàlà sábẹ́ àkòrí, ó ń fi báírò pupa kọ déètì. Ní oṣù Kejì, kò fàlà mọ́. Ní oṣù Kẹta, nóòtì dúró láàárín gbólóhùn, ojú ewé tó kù ṣófo, ewé mìíràn bẹ̀rẹ̀ láìní àkòrí. Lẹ́tà ti kéré, ó ti ń fà sísàlẹ̀ ìlà. Tíṣà tó kàn sàmì sí i pé "nóòtì ò pé" ti rí i, ṣùgbọ́n kò wò ó.

Ara náà ń sọ ọ́. Láyé àtijọ́ títí dòní, ọmọ tiwa kì í sábà sọ pé ọkàn òun rẹ̀wẹ̀sì. Á ní orí ń gbóná, orí wúwo, nǹkan ń rìn lórí òun, ojú ń ṣú òun tí òun bá ń kàwé. Lọ́dún 1960, dókítà ọmọ Kánádà kan tó ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, Raymond Prince, kọ̀wé lórí irú àpèjúwe yìí gan-an láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, ó sì pè é ní "brain fag", ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Tí ọmọ SS3 tó ń múra WAEC àti JAMB pọ̀ bá sọ fún yín pé orí òun ń gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún ibà, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í léèrè bó ṣe ń sùn.

Ọmọ tó ń sùn ní kíláàsì lè jẹ́ pé aago mẹ́rin ló jí, kó máà sí àìsàn kankan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ń bá wọn kiri pọ́fù-pọ́fù títí di aago mẹ́wàá alẹ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Àádọ́rin ọmọ ló wà ní kíláàsì mi. Nígbà wo ni mo fẹ́ mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Òótọ́ lẹ sọ. Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè wa fẹ́ kí tíṣà kan máà ní ju ogójì ọmọ lọ nílé ìwé girama, a sì mọ bó ṣe rí ní Muṣin àti Àjégúnlẹ̀. Kí ìjọba gba tíṣà sí i, ibẹ̀ ni ojúlówó ìdáhùn wà. Ẹni tó bá ní ìfẹ́ nìkan tó, kò tíì dúró níwájú àádọ́rin ọmọ nínú ooru oṣù Kẹta nígbà tí iná ò sí.

Títí ìyẹn yóò fi dé, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí gbogbo wọn. Alárìíwísí àti aláriwo ti ń gba àkókò yín tẹ́lẹ̀, ẹ mọ̀ wọ́n. Ẹ lọ sílé lálẹ́, ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ kíláàsì yín látorí. Àwọn tí ẹ ò rántí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Ọmọ marùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbólóhùn méjì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan: ẹ béèrè nípa ẹni tó ń bá a gbé, nípa bọ́ọ̀lù, nípa irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì láàárọ̀ dípò kí ẹ máa jókòó, kí ẹ sì kí wọn ní orúkọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Nínú ìwé tí ẹ bá ń máàkì, ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ máàkì tó bá kéré. "O ti ń gbìyànjú" ò pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti kọ, mo sì ti rí ọmọ tó gé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ jáde, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú páálí ìwé rẹ̀.

Bí ọmọ bá sọ fún mi pé ayé ti sú òun ńkọ́?

Ẹ jókòó. Ẹ má kígbe, ẹ má pe Ọlọ́run lé e lórí lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì sọ pé "Ìwọ kékeré yìí, kí lo mọ̀?" Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé o ti ń rò ó pé kí o pa ara rẹ?" Ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn láti sọ ọ̀rọ̀ yẹn jáde, nítorí wọ́n rò pé yóò fi èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bíbéèrè kì í fi èrò yẹn síni lọ́kàn. Ìtura ló sábà máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun jáde.

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kódà láti lọ sílé ìyàgbẹ́. Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó sọ fún kìkì àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ wọ́n. Ẹ pe kánsẹ́lọ̀ ilé ìwé àti pírínsípà, ẹ pe òbí, àfi tó bá jẹ́ pé inú ilé gan-an ni wàhálà ti ń wá. Nígbà náà, ẹ bi ọmọ pé ta ló fọkàn tán nínú ẹbí. Kí àwọn ará ilé kó oògùn apakòkòrò àti gbogbo oògùn mìíràn kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó o. Kí ó rí dókítà lọ́jọ́ náà. Bí ewu bá ti dé tán, 112 tàbí 767 ni nọ́ńbà pàjáwìrì ní Èkó.

Àwọn kan ń bẹ̀rù ọlọ́pàá, nítorí òfin àpapọ̀ àtijọ́ ka ìgbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè múni ṣẹ̀wọ̀n. Òfin ìwà ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó yàtọ̀: ohun tó ní kí ilé ẹjọ́ ṣe ni kó pàṣẹ pé kí wọ́n gbé ẹni náà lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá fà yín sẹ́yìn.

Ibo la lè gbé ọmọ lọ? Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Yábàá o.

A mọ ìdí tí ẹ fi sọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1907 gẹ́gẹ́ bí ibi ìkówèrè-sí, orúkọ Yábàá ti di èébú lẹ́nu ọmọ Èkó. Àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn nínú dánfó. Ohun tó wà níbẹ̀ lónìí ni ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, níbi tí òṣìṣẹ́ báǹkì, ìyá ọlọ́jà àti ọmọ yunifásítì ti ń lọ rí dókítà tí wọ́n sì ń padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀ka rẹ̀ tó wà ní Òṣòdì wà fún àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ, LUTH sì ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní SURPIN, tó dojú kọ ọ̀rọ̀ àtipa ara ẹni.

Òfin náà ti yí padà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ààrẹ buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tó gba ipò òfin wèrè ọdún 1958. Ẹ̀tọ́ aláìsàn wà nínú rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni?

Ẹ gbàdúrà, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní mọ́ṣáláṣí, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ rí dókítà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ ní Aró, Abẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ayé sì yìn ín fún un. Ibi tí a ò ti ní gbà ni ibi tí wọ́n bá ti ń de ọmọ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń fi ebi pa á tàbí tí wọ́n ń lù ú ní orúkọ ìtúsílẹ̀.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ràn tíṣà kan jù. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ẹ ò ṣìnà láti bẹ̀rù. Àwọn kan wà tó ń fi ojú àánú mú ọmọ. Wọ́n á wá ọmọ tí kò ní alábàárò, wọ́n á di alábàárò rẹ̀, wọ́n á sì ba ayé rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà, àjọṣe tí à ń sọ yìí gbọ́dọ̀ ní ààlà, ààlà náà kò sì le láti mọ̀: àjọṣe rere kì í bẹ̀rù ojú ẹlòmíràn.

Tíṣà tó ń ṣe dáadáa á bá ọmọ sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti lè rí wọn, lórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí. Kánsẹ́lọ̀ á mọ̀ sí i. Ìyá á mọ̀ sí i. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ "má sọ fún màmá ẹ", ìfiránṣẹ́ lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá òru, owó tàbí fóònù tí kò nídìí, lẹ́sọ́ọ̀nù àdáṣe nílé tíṣà, ẹ má dúró wo ibi tó máa já sí. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì pírínsípà lọ́jọ́ kejì. Èyí kan ọmọkùnrin bó ṣe kan ọmọbìnrin.

Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi owó bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn àgbà àdúgbò parí rẹ̀ nílé. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin Èkó fi sí orí ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Mirabel Centre, tó wà nínú LASUTH láti ọdún 2013, ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń jẹ́ DSVA sì ń tẹ̀lé ẹjọ́ náà.

Àwọn tíṣà ọkùnrin kan sọ fún mi pé nítorí èyí, àwọn ò ní sún mọ́ ọmọ kankan mọ́. Ọ̀rọ̀ wọn yé mi, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ní Bàrígà ni kò sí bàbá nílé, tíṣà wọn nìkan ni àgbà ọkùnrin tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ láìpariwo. Ẹ sún mọ́ wọn ní gbangba.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS2 ni mí. Kò sí tíṣà kankan tó fẹ́ràn mi. Ta ni kí n bá sọ̀rọ̀?

Àbúrò, o ṣeun tí o béèrè. Má wá ẹni tó fẹ́ràn rẹ. Wá ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú yàrá àwọn tíṣà. O mọ̀ ọ́n, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ ẹni tó ń bójú tó láíbúrárì, ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó lè jẹ́ tíṣà eré ìdárayá. Tí ọ̀rọ̀ bá ń wúwo lẹ́nu, kọ ọ́ sí bébà, kó o fún un nígbà tí wọ́n bá lu aago ìsinmi. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, nǹkan kan ń dà mí láàmú, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá." O ò ní láti sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní. Tí ẹni yẹn ò bá gbọ́ ẹ dáadáa, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Lọ bá ẹlòmíràn.

Ta ló ń tọ́jú ọkàn tíṣà fúnra rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ò jẹ́ kí n sùn nígbà mìíràn. Tíṣà tó jí ní aago mẹ́rin, tó wọ ọkọ̀ mẹ́ta, tí owó oṣù rẹ̀ ò tó ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní sùúrù tó pọ̀ láti fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ilé ìwé tó bá ń bú tíṣà lójú ọmọ ń kọ́ tíṣà bí yóò ṣe bú ọmọ. Kí àwọn tíṣà ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sẹ̀ láti jókòó sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń dà wọ́n láàmú, láìsí ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀. Kí àwọn òbí náà dín ìpariwo kù lẹ́nu géètì.

Ọmọ mi ń wọ JSS1 ní oṣù Kẹsàn-án. Kí ni kí n bá tíṣà rẹ̀ sọ?

Ẹ má lọ lọ́jọ́ ìwọlé, nítorí gbogbo ayé ló máa wà níbẹ̀. Ẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sí bébà kan ṣoṣo: orúkọ tí ẹ ń pè é nílé, ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tó lè wá mú un àti ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mú un. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ SS (sickle cell) tàbí tó ní ikọ́ fée, ẹ kọ ọ́. Ẹ kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé lọ́dún yẹn, bí òkú, ìkọ̀sílẹ̀ tàbí kíkó kúrò ní àdúgbò kan sí òmíràn. Ẹ sọ bó ṣe máa ń ṣe tí inú bá ń bí i: ṣé á pariwo ni, àbí á wọ yàrá lọ? Ẹ béèrè ìgbà tí tíṣà náà lè gbé fóònù, kí ẹ má sì pè é kọjá ìgbà yẹn.

Nílé, kí ẹ tó bi ọmọ pé máàkì mélòó ló gbà, ẹ bi í pé ta ló jókòó tì, àti tíṣà wo ló pe orúkọ rẹ̀ lónìí. Bó bá di ìdajì tááàmù tí kò tíì rí tíṣà kan dárúkọ, ẹ padà lọ rí kánsẹ́lọ̀.